Ìlà Tí Wọ́n Gé Kúrò

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Kí lẹ fún ọmọ?”

Ariwo ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rá bisikíìtì nílé iṣẹ́ kò jẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́ dáadáa. Ó ki ìka bọ etí kejì, ó fara ti ògiri.

“Oyin ni mo ní,” ìyá ọkọ rẹ̀ dáhùn lórí fóònù, tayọ̀tayọ̀. “Ikọ́ ń da ọmọ láàmú, mo bá fi ṣíbí kékeré kán an sí i lẹ́nu. Ojúlówó ni o! Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé e pamọ́. Ṣebí ìwọ náà lo kọ ọ́ sára bisikíìtì pé oyin kì í bàjẹ́.”

Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá ohun ìyanu nípa oúnjẹ káàkiri ayé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá lábẹ́ àkọlé “Ṣé O Mọ̀?”: pé ìdílé ẹ̀wà ni ẹ̀pà ti wá, pé èso ni tòmátì. Ìlà méjì ló kọ nípa oyin. Ìlà kejì ní kí ẹnikẹ́ni má fi í kan ẹnu ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Àyè kò gbà á. Fúnra rẹ̀ ló gé e kúrò. Ó ní ta ni kò mọ ìyẹn.

Ọmọ tirẹ̀, oṣù mẹ́rin péré ni.

“Ẹ pọ̀n ọ́n, Màmá. Ẹ pàdé mi ní ọsibítù, kíákíá!”

“Kí ló dé? Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín?”

“Ẹ ṣáà máa bọ̀!”

Bó ṣe ń sáré jáde, ẹnì kan pariwo tẹ̀lé e pé, “Ìyá Ṣé-O-Mọ̀! Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gá ń wá ọ?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò bojú wẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀, àdúrà kan ṣoṣo ló rí gbà: “Olúwa, ṣàánú.”

Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ náà wò fínnífínní. Ó gbé apá rẹ̀ sókè, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ fà á mu ṣinṣin.

“Kò sí nǹkan báyìí,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ṣùgbọ́n àìsàn tí oyin máa ń fà fún ìkókó lè lúgọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí kò bá yàgbẹ́, bí kò bá lè mu ọmú, bí ẹkún rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò gbé orí mọ́, ẹ máa sáré bọ̀ ni o. Ta ló tiẹ̀ fún un lóyin?”

Màmá tẹjú mọ́lẹ̀.

“Èmi ni, mà,” ni ìyá ọmọ dáhùn.

Nọ́ọ̀sì pòṣé. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé báyìí!”

Níta, Màmá dì í lọ́wọ́ mú. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Ọmọ mi, irọ́ lo pa yẹn.”

“Irọ́ kọ́, Màmá. Ohun tí mo kọ lẹ kà. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, èmi ni mo gé e.”

Màmá rọra ń mi ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹyin lọ̀rọ̀,” ló sọ níkẹyìn, “èyí sì ti balẹ̀ nílé onílé. Ilé mélòó ni bisikíìtì yẹn ti wọ̀?”

Ìyá ọmọ fọwọ́ kan ọmọ lọ́rùn; ọmọ ń mí.

“Ẹ máa gbé e lọ sílé, Màmá. Ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá, kí wọ́n dá ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rá yẹn dúró.”

“Bí wọ́n bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?”

“Wọn á kọ́kọ́ gbọ́ mi ná.”

Ó ti sọdá títì.