Abẹ́ Ọ̀dà Funfun

Ọ̀dà funfun ló wà lára mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì tí bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, ṣọ́jà àgbà, kú fi sílẹ̀. "Bó ṣe ti Jámánì dé nìyẹn," ni bàbá náà máa ń wí. Ọmọ gbà á gbọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe bíi tìgbà tó wà ní tuntun, ló bá gbé e lọ bá Wàhábì, pẹ́ńtà mọ́tò ní Igbó-Elérin.

Wàhábì ha ọ̀dà funfun, búlúù yọjú lábẹ́ ẹ̀. Ó bó sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lára gíláàsì ẹ̀yìn. Orúkọ ló bá níbẹ̀, tí wọ́n fín sára gíláàsì bí èèyàn ṣe ń ṣe nítorí olè: Àkàndé.

Aládùúgbò wọn ní Ìbà ni Bàbá Àkàndé. Adigunjalè gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n tún yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún ló wá ń fi mọ́tò funfun yìí gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aláàánú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aláàánú, àbí kí ni!

Rẹ̀mílẹ́kún sáré lọ bá Bàbá Àkàndé nílé. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀ ni. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ ṣọ́jà sùn?" Baba fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Tá a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á ṣílẹ̀kùn fún mi, gbogbo ìjọ á máa wò wá. Èmi náà á wá sọ pé, 'Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọlọ́run á fi òmíì kún un.'"