Tíì Oníyọ̀ fún Ẹ́ńjìnnì Gombo

Nígbà yẹn, ìyá ọkọ Sevjid ṣì wà láyé, ó ṣì ń fín aáṣà láàárọ̀ àti lálẹ́, etí rẹ̀ sì mú ju ti ajá lọ. Dagva, àbúrò ọkọ rẹ̀, náà ṣì wà láyé, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ẹ̀rín sí i. Gombo ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò sí mọ́. Ìjì yìnyín ló ká a mọ́ orí òkè Shar níbi tó ti ń wá àgùntàn tó sọnù. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì òkúta tí àwọn èrò ọ̀nà máa ń yí ká ni wọ́n ti bá a, ó jókòó tì í bí ẹni tí ń sinmi.

Jíìpù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Dagva. Nígbà ayé Gombo, bó bá ń bọ̀ wálé tó sì dé orí òkè náà, a fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti kí ẹ̀mí tó ni òkè. Sevjid a gbọ́ ọ nínú àgọ́, a gbé tíì kaná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín bọ̀, ọkọ̀ náà kì í gun òkè yẹn já láìdúró mọ́. Ní pápá tó tẹ́jú, á máa sáré bí ẹṣin tó yó. Bó bá kan òkè Shar, á wúkọ́, á gbọ̀n, á sì dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta gan-an.

"Gombo ló ń dá a dúró," ni Sevjid máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju bó ti bà á lẹ́rù lọ. Ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró kò tíì lọ jìnnà.

Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń wọ́n wàrà sí táyà ọkọ̀ ẹni tó ń lọ ìrìn àjò, láti fi súre fún un. Ti Sevjid kò mọ síbẹ̀. Ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ́n ọn sórí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọwọ́ Gombo kì í ti í kúrò. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i.

"Wàrà tútù kẹ̀? Fún ọmọ tèmi? Tíì oníyọ̀ ni Gombo ń mu!"

Láti ọjọ́ náà, bí Dagva bá ti ń múra ọ̀nà, Sevjid á yọ́ jáde, á da àkọ́bù tíì àárọ̀ sí ẹ́ńjìnnì náà.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún kan, Dagva àti Sevjid ń gbé ìyá àgbà, ìyá ọkọ Sevjid, lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lódìkejì òkè. Ọkọ̀ kú síbi tó máa ń kú sí. Dagva bọ́ sílẹ̀.

"Lónìí, bó bá di pé kí n sùn síbí, màá mọ ohun tó ń ṣe ọ̀gbẹ́ni yìí."

"Má wá a," ni Sevjid wí. "Bó bá ṣe díẹ̀, yóò ṣiṣẹ́, bó ti máa ń ṣe."

Kò fẹ́ kó wá a. Bí Dagva bá rí àrùn náà lára irin, a jẹ́ pé Gombo kò sí lórí òkè mọ́. A jẹ́ pé ó ti kú tán nìyẹn.

Dagva fọwọ́ mi orí bátìrì, ó le dáadáa. Ó tú pulọ́ọ̀gì kan, ó fi wáyà rẹ̀ sí i, ó gbé e lé ara irin.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yí kọ́kọ́rọ́."

Iná tó ta lẹ́nu pulọ́ọ̀gì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀. Ó yọ wáyà ńlá tó ti ara kọ́ìlì, orísun iná náà, wá, ó ní kí Sevjid tún kọ́kọ́rọ́ yí. Tà! Iná búlúù fò jáde.

"Iná ń kúrò nílé, kò dé oko," ni Dagva wí. "Olè wà lójú ọ̀nà."

Ó ṣí ìdérí dúdú tí iná máa ń gbà kọjá kó tó pín sí àwọn pulọ́ọ̀gì. Nínú rẹ̀, ìlà dúdú kan wà, tín-ín-rín bí irun, ó là á kọjá. Dagva gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kan án.

"Ó níyọ̀."

Ó yíjú sí Sevjid.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń fún ẹ́ńjìnnì mi ní tíì?"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀. "Bọ́tà ló kù kó fi sí i!"

Dagva náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú Sevjid, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Níbi tó tẹ́jú, iná ń rọ́nà tirẹ̀ gbà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbé ẹrù gòkè, iṣẹ́ á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, iná á wá yà gba ojú iyọ̀, torí ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí tó fi ń kú síbí nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi ọ̀bẹ ha á, ó fi àkísà tó rin sí epo nù ún, ó jẹ́ kó gbẹ. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gun òkè náà já. Sevjid bojú wẹ̀yìn wo òkìtì òkúta títí kò fi rí i mọ́. Kò sẹ́ni tó dì wọ́n mú. Inú rẹ̀ tutù bí àgọ́ tí iná kú sí.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Dagva, ọjọ́ tí a sin ín bọ̀ ńkọ́? Ta ló da tíì sí i lọ́jọ́ yẹn?"

Dagva di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Sevjid kò da tíì sí ẹ́ńjìnnì mọ́. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, òkè Shar kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ Dagva rí i pé bí òun bá wọlé, ààrò a tutù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun a sì jókòó kalẹ̀ bí àlejò. Nígbà tó tún ń bọ̀, ó dúró lórí òkè, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Sevjid fò dìde, ó gbé tíì kaná.

"Èmi ni o," ni Dagva wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mọ̀," ló dá a lóhùn, ó bu tíì fún un. Dagva kò padà gbàgbé fèrè náà láé.

Ìgbà òtútù dé. Dagva tú bátìrì jíìpù gbé wọ inú àgọ́, kí òtútù má baà pa á, ó sì gun ẹṣin lọ wá àwọn ẹran tó ṣáko. Bátìrì náà wà lẹ́bàá ààrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Sevjid.

Bí oòrùn ti ń gòkè, fèrè ọkọ̀ dún lórí òkè Shar. Lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá àgbà gbé ìgò aáṣà kúrò nímú. "Ìwọ náà gbọ́?"

Sevjid wo bátìrì. Ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó wòta. Jíìpù wà níbẹ̀, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan láyìíká rẹ̀. Ó gbé tíì kaná. Ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà.

"Ti ta ni èkejì?"

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ìyá."

Tíì hó, ó tutù, ó tún un gbé kaná. Ọ̀sán ti pọ́n kí aládùúgbò wọn kan tó dé. Kò tètè sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin rẹ̀. Ó ní ẹṣin ló yọ̀ lórí yìnyín láàárọ̀, tó gbé Dagva ṣánlẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ òkìtì òkúta ni àwọn ti bá a, ó jókòó tì í bí ẹni tí ń sinmi.

Ọjọ́ tí Dagva kú nìyẹn.