Kíláàsì Bàbá Tábìlì

Ọmọ wẹ́dà ni, bàbá rẹ̀ ń jó irin pọ̀, òun nìkan sì ni obìnrin nínú àwọn mẹ́jọ tó wà ní kíláàsì náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn kò tóbi. Bí èèyàn bá sín ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ẹni tó wà ní láíbìrì á kí i pẹ̀lẹ́. Ìtàn, ewì, ìṣirò, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà pọ̀. Bàbá rẹ̀ a máa bi í pé, "Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń kọ́ ẹ níbẹ̀?"

"Bí èèyàn ṣe ń ronú ni, Bàámi."

"Ta ló wá ń bá ẹ ronú látẹ̀yìn wá?"

Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó jẹ́ kí ó fẹ́ràn ibẹ̀ ni olùkọ́ ìtàn, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tábìlì, torí kì í dúró nídìí pátákó. Àárín wọn ló máa ń jókòó sí, nídìí tábìlì gígùn, tí á fọwọ́ lẹ́rán, tí á ní, "Ìwọ, kí lo rí nínú ohun tí a kà yìí?" Kò sẹ́ni tó bi ọmọ wẹ́dà nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, kó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Lọ́dún kẹta, Bàbá Tábìlì kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́jọ́ Ajé, ó sì tún kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́jọ́ Ọjọ́rú, látòkè délẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ṣíwèé, wọ́n tún un kọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bò ó láṣìírí. Ẹnì kan á kọ ibi tí wọ́n dé sínú bébà, á fi há inú ìwé bàbá náà. Ẹlòmíì á sìn ín délé.

Lọ́jọ́ tó kan ọmọ wẹ́dà, bàbá náà kọjá géètì ara rẹ̀, ó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré jáde, tó fà á lọ́wọ́ wọlé. Nígbà tí ìyá náà padà síta, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ níléèwé. Kíláàsì yẹn ló ń gbé wọn dìde láàárọ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà. A ò ní sọ."

Àmọ́ nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ọ̀kan nínú wọn kò ní máàkì kankan. Bàbá Tábìlì ní kò kọ ìdánwò. Bẹ́ẹ̀, wọ́n jọ jókòó kọ ọ́ ni. Wọ́n fẹ́ lé ọmọkùnrin náà. Ọ̀gá àgbà pe àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ń wolẹ̀, títí kan ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an.

Ọmọ wẹ́dà ló lanu. "Sà, bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti pẹ́. Àwa la ń bò wọ́n láṣìírí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ní kí bàbá máa sinmi nílé.

Ọmọ wẹ́dà lọ kí wọn nílé. Ìyá náà dúró sẹ́yìn géètì, kò ṣí i. Ó ní bàbá ń sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní wọ́n ń sùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, kí ọmọbìnrin náà tó kan géètì, ó rí bàbá lójú fèrèsé: ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ wá sí kíláàsì, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo ojú títì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú lọ síbi iṣẹ́.

"Wọ́n ń sùn," ni ìyá náà wí.

"Ẹ bá mi kí wọn tí wọ́n bá jí, Mà."

Ó kúnlẹ̀ níta géètì níbẹ̀, ó dìde, ó sì yí padà sílé.