Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀ Bronek

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tadek tún wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé, ìdí ọkọ̀ náà sì ga sókè bí ìdí adìyẹ tó tẹrí mumi. Hosea Tarpley ò tíì jẹun àárọ̀ tán. Ó dúró sẹ́nu gárééjì rẹ̀ tó dojú kọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ife kọfí dání, ó wo ọkọ̀ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ náà láti imú dé ìdí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé: Hosea, ẹnì kan ń fi ọ́ ṣeré.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan.

"Ọ̀gá Hosea, ẹ ẹ̀ ní bínú sí mi," Tadek ti ń sọ̀rọ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, ọrùn rẹ̀ máa ń pọ́n nínú táì. "Ọjọ́ tí mo gbé e kúrò níbí, ó dọ́gba bíi tábìlì. Mo dé gárééjì Màmá lánàá, bí mo ṣe bá a nìyí. Vern ní kí n má wulẹ̀ dààmú ara mi mọ́. Ó ní àpótí tuntun tóun ń tà ló máa parí ẹ̀."

"Vern ti gbọ́?"

"Mo pàdé ẹ̀ nílé epo ni."

"Ọkọ̀ bàjẹ́ lánàá, Vern ti gbọ́ lánàá, èmi tí mo tún un ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ lónìí. Ó dáa."

Tadek wo bàtà rẹ̀. Hosea rí i pé ó wo bàtà rẹ̀, ó sì fi ìyẹn pamọ́ sínú.

Packard ọdún 1955 ni ọkọ̀ náà. Hosea àti Bronek, bàbá Tadek, wà lára àwọn tó to irú rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Kò ní sípíríǹgì bíi ti ọkọ̀ yòókù. Ọ̀pá irin gígùn ló nà lábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn, tí ìdí ọkọ̀ bá rọ̀, súìṣì kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró ná, bí ẹni ń kà dé eéje, pé bóyá kòtò ojú títì lásán ni. Bó bá rí i pé ẹrù ni lóòótọ́, á rán iná sí ẹ́ńjìnnì kékeré kan, ìyẹn á yí irin, ìdí ọkọ̀ á gbéra, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba. Ẹni náà bá sọ̀ kalẹ̀, súìṣì á tún ka eéje tirẹ̀, ìdí á rọra wálẹ̀. Ìgbà tí Hosea wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn èèyàn máa ń dúró lẹ́bàá títì wò ó.

Iṣẹ́ rewáyà súìṣì yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Láti ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ti ń gbé e wá bá a ní Detroit. Ṣùgbọ́n nípàdé àwọn ọlọ́kọ̀ náà lọ́dún tó kọjá, Vern Sluyter, tó ń ta àpótí oníná tó lè gba iṣẹ́ súìṣì náà ṣe, pariwo láàárín èrò pé ọwọ́ àgbà ti ń gbọ̀n, pé kí wọ́n kó súìṣì àtijọ́ sí ààtàn. Sátidé yìí ni tọdún yìí. Àṣà ibẹ̀ ni pé ọkùnrin mẹ́ta á gun bọ́ńpà ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò á máa kà á lẹ́nu, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje, ọkọ̀ á sì gbé wọn dìde. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ Bronek níbẹ̀. Bí kò bá dìde, iṣẹ́ Hosea parí nìyẹn.

"Fi í sílẹ̀," ó wí. "Wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tí Tadek lọ tán, Hosea pa súìṣì àgbà tó wà lábẹ́ ibi ìtukọ̀, kí ọkọ̀ má bàa mira sí i lórí. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá, ìpẹtà ló rí. Ọkọ̀ náà ti jókòó fún ọdún kan lẹ́yìn ikú Bronek, ẹnu bàbà súìṣì ti dúdú. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣe dáadáa. Ìgbà kejì, wáyà kan ló yọ lẹ́nu súìṣì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó yẹ kó dì í mú wà níbẹ̀, ó fún pinpin. Nọ́ọ̀tì wo ló ń tú ara rẹ̀, tó ń jẹ́ kí wáyà jáde, tó tún ń padà fún ara rẹ̀? Ó wí fún ara rẹ̀ nígbà náà pé bóyá òun lòun gbàgbé.

Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣí ìdérí súìṣì. Láàárín ẹnu bàbà méjèèjì tó yẹ kó fẹnu kora, bébà wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ, tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fi píláyà yọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó jáde lábẹ́ ọkọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Vern wà ní Warren, ó mọ́ bí ilé ìwòsàn. Vern ń jẹ búrẹ́dì lórí káńtà.

"Ẹ wò ó o! Àgbà rewáyà! Ẹ ti wá ra àpótí?"

Hosea tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí?" Vern fi ọwọ́ kan yí i padà. "Bébà lẹ wá fi ń tún ọkọ̀ ṣe báyìí? Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ẹnì kan fi há súìṣì ọkọ̀ Bronek lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ kí n tẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ni."

Vern gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ tẹ́, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni màá ti ṣe é, kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀ opó. Àti pé ká ní èmi ni, wáyà ni màá gé. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé bébà lè dá a dúró. Ta ló kọ́ yín nírú ẹ̀?"

Ìdáhùn náà gún Hosea láyà. Ọgbọ́n inú ilé iṣẹ́ ni. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í fẹ́ rìn dé iwájú lọ pa súìṣì àgbà. Wọ́n á ya etí àpò oúnjẹ ọ̀sán wọn, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kì í bọ súìṣì lẹ́nu. Àwọn tó ń ṣe é ò ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Òun nìkan ló kù láyé nínú wọn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Bó bá kọ̀ ní Sátidé," Vern pariwo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, "ẹ má fi bébà bojú o!"

Ọjọ́rú, ó fura sí Tadek. Bóyá ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé ọkọ̀ náà ti kú, kí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ kó tà á. Ṣùgbọ́n Tadek tí kò lè pààrọ̀ gílóòbù! Ó fura sí àwọn ará àdúgbò. Ó tiẹ̀ fura sí ara rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ̀n.

Ó wá rántí ohun kan. Bí ìdí ọkọ̀ náà ṣe ga nígbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ga nígbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló tún ga yìí. Ó mọ̀ nítorí igi ìdiwọ̀n rẹ̀ ní àmì tó fi ṣáàkì fà sí i. Ọkọ̀ tó kàn bàjẹ́ kì í bàjẹ́ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ìdí rẹ̀ tó lè ga bẹ́ẹ̀, ẹrù ti ní láti wà lẹ́yìn, kí ó ti gbé ẹrù náà dìde, kí ẹnì kan wá dí i lẹ́nu kí wọ́n tó kó ẹrù náà kúrò. Ẹrù wo?

Ó kó àpò yanrìn wá, àwọn tó fi ń wọn ọkọ̀, ó ń tò wọ́n sórí ìjókòó ẹ̀yìn níkọ̀ọ̀kan. Àpò márùn-ún, kò tíì dọ́gba. Ó gbé garawa ìṣó kan lé e. Ìdí ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dọ́gba rẹ́gí. Ó rò ó pọ̀: ìwọ̀n odindi ọkùnrin, ọkùnrin tó jẹun kánú gan-an.

Bó ṣe tẹrí wọlé láti kó àpò náà kúrò ni òórùn kan lù ú nímú láti orí kápẹ́ẹ̀tì. Omi iyọ̀, áyù, àti ewé tí wọ́n fi ń rẹ kùkúńbà sínú ìgò. Ilé kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń rùn báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ó gba ilé Bronek lọ ní Hamtramck. Leokadia, ìyàwó Bronek, wà lẹ́yìnkùlé, ó ń so tòmátò mọ́ igi.

"Ọ̀rẹ́ ọkọ mi! Ẹ ti rù o. Ẹ wọlé wá jẹun."

"Ìyá Tadek, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí gárééjì yín. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dọ́gba."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára okùn. "Ilẹ̀ ibẹ̀ dọ́gba. Bronek ló dà á."

"Mo mọ̀ pé òun ló dà á. Èmi ni mo po símẹ́ńtì."

Leokadia tẹ̀ lé e wọ gárééjì. Lára ògiri, níbi tí bọ́ńpà ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń dé, ẹnì kan ti fi ṣáàkì fa ìlà kan, ó sì kọ ọjọ́ sí i: ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún tó kọjá. Hosea gbé ọwọ́ lé e. Ó bá igi ìdiwọ̀n rẹ̀ mu. Nísàlẹ̀ ìlà náà, ìgò kùkúńbà tò lórí ilẹ̀, wọn ò sí lórí pẹpẹ tí ojú ibi tí wọ́n ti kúrò ṣì hàn roboto roboto nínú eruku.

"Ìgò mélòó ni gbogbo ẹ̀?"

"Méjìlélógójì." Ó jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Tadek ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Ta ló kọ́ yín ní ti bébà?"

"Ta ni ì bá tún kọ́ mi? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi di tọ́ọ̀ṣì mú fún un lábẹ́ ọkọ̀ yìí. Ọwọ́ mi bá yẹ̀ díẹ̀, á fi orúkọ tó fi ń kẹ́ mi pè mí, á ní, 'Lodzia, iná ni mo ní kí o tàn, mi ò ní kí o jó.' Kí n kàn pa súìṣì àgbà, Tadek á tàn án. Bébà nìkan ni kò lè rí."

Inú bí Hosea, ó sì jẹ́ kó bí i. "Orúkọ mi lẹ ń fi bébà há lẹ́nu yẹn, Ìyá Tadek. Vern ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Mo ti fura sí ọmọ yín. Mo ti fura sí ọwọ́ ara mi."

"Mo mọ̀. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín nínú àdúrà."

"Ẹ̀ bá wá tọrọ ẹ̀ nílé mi!"

Leokadia rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí òun kọ sára ògiri yẹn, Bronek lòun tẹ́ sórí ìjókòó ẹ̀yìn gbé lọ sílé ìwòsàn. Ọkọ̀ ka eéje, ó gbé e dìde. Bronek, tí kò lè mí dáadáa, ní, "O rí i? Ó ṣì ń ṣiṣẹ́." Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní kóun pa súìṣì àgbà, kí bátìrì má bàa kú, bó ṣe máa ń sọ. Òun pa á. Wọ́n wá fa Bronek jáde. Òun dá wà á padà sílé, ìdí ọkọ̀ ga sókè lẹ́yìn òun bó ṣe fi í sílẹ̀.

"Ẹ wá tún un ṣe. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, mo wò ó, ó dọ́gba, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ rí. Mo bá kó ìgò sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé wọn dìde, mo dí súìṣì lẹ́nu, mo tún kó wọn kúrò. Mò ń kó o níkọ̀ọ̀kan, mò ń wo ìlà náà. Ẹ má bínú, Hosea. Kí súìṣì máa ka eéje fún ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì."

Wọn ò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Hosea ya etí àpò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Tadek dé, ìdí ọkọ̀ ṣì wà lókè.

"Kò ṣe?"

"Kò ṣe. Ó ti ju agbára mi lọ."

Tadek ya ẹnu. "Ẹ̀yin, Ọ̀gá Hosea?"

"Èmi. Má sì jẹ́ kí Vern fọwọ́ kàn án. Irin abẹ́ rẹ̀ ti rẹ̀, ó lè fò bá ẹni tó bá tú u. Wà á sílé fún ìyá ẹ, kó wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, lórí pápá tí ilé iṣẹ́ ti ń dán ọkọ̀ wò nígbà àtijọ́, àyè ọkọ̀ Bronek ṣófo. Ọkùnrin mẹ́ta gun bọ́ńpà ọkọ̀ Vern, èrò kà á dé eéje, ó gbé wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan láti Ohio wá bá Hosea, ó fẹ̀sọ̀ ní kó dá súìṣì òun padà fún òun bó ṣe wà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn ò tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, Vern ló lọ bá.

Nígbà tí pápá ń tú, Vern rìn wá bá a. "Tadek ní ọkọ̀ náà ṣẹ́gun yín."

"Ó ṣẹ́gun mi."

"Irọ́ ni. Ẹ ti mọ ẹni tó fi bébà síbẹ̀. Ta ni?"

"Ọ̀rẹ́ kan."

Vern dúró, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà, kò rí i, ó sì lọ, ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Leokadia ya gárééjì Hosea. Tadek ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ìgò kùkúńbà kan kalẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́, láàárín píláyà àti wáyà.

Hosea wo ìgò náà. "Ìyá Tadek, kì í ṣe ọ̀kan nínú méjìlélógójì yẹn nìyí?"

"Òun ni."

"Ìwọ̀n á dín nìyẹn. Kò ní kan ìlà mọ́."

"Kó dín," obìnrin náà wí, ó ń wá aṣọ ìnujú nínú báàgì rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ń sọ fún Bronek pé kó fọn."