Ta Ló Ní Kí Jẹjẹrẹ Rìn?

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀fóró, kò fọwọ́ kan máṣíìnì rẹ̀ mọ́. Télọ̀ ni. Ó gbà pé ẹsẹ̀ tí òun fi ń tẹ máṣíìnì láràárọ̀ ló mì ín kúrò láyè rẹ̀. Mo ṣàlàyé títí pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Òun náà ló buwọ́ lùwé pé kí wọ́n fún yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní díẹ̀ lára jẹjẹrẹ tí wọ́n gé jáde lọ́mú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti da sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà sórí awọ tínrín kan tó ní ihò wẹ́wẹ́, kí n wo èyí tó bá là á kọjá sí ìsàlẹ̀, torí irú wọn ló lè rìn nínú ara. Ike méjì tó ní irú awọ yìí ni mo lò. Nínú ọ̀kan, a fi oògùn dá ohun tó ń fi àmì sára RNA dúró. RNA yìí ni iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìsàlẹ̀ ike kan kún fọ́fọ́. Ti olóògùn mọ́ foo. Mo pòṣé, mo rò pé mo ti gbàgbé láti da sẹ́ẹ̀lì sí i, torí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ti gbé e dé ẹnu garawa ìdọ̀tí kí ọ̀gá wa tó pariwo: “Ṣé o ti wo òkè awọ náà?”

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà wà lókè, láàyè, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Àmì bíńtín tí ojú ò lè rí ló ń sọ pé kí ikú dìde kó máa rìn! Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn.

Mo lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá.

“Àwọn wo nìyí?” ó bi mí, ojú rẹ̀ lórí maikirosikóòpù.

“Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n mi.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àmì náà, kò jẹ́ kí n parí.

“Bíi ṣọ́ọ̀kì mi,” ó ní. “Aṣọ ò yí padà, àmọ́ ibi tí mo bá sàmì sí ni abẹ́rẹ́ ń gbà.”

Ọdún kẹsàn-án mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí rèé. N kò sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ṣé wọ́n á fún mi lóògùn yẹn?”

“Rárá. Inú ike nìkan la ti dán an wò. Ó ṣì jìnnà.”

Ó tún tẹ̀ ba, ó wo ike tí kò ní oògùn pẹ́.

“Èyí tó rìn yìí, ṣé ẹnì kankan tẹ máṣíìnì nítòsí rẹ̀?”

“Rárá o. Inú àpótí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló wà látàná, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.”

“Kì í ṣe èmi ló fà á nìyẹn.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó sunkún níwájú ọ̀gá wa, kò tijú. Nírọ̀lẹ́, mo ń gun àtẹ̀gùn ilé wa bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀.