Iná Kejìlá

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá Rúlà. Àwa ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni a fún un ní orúkọ yẹn, nítorí pé kò sí ìlà tí kì í fi rúlà fà, títí kan ìlà tí ó máa ń fà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Aṣètò ìmọ́lẹ̀ ni: òun ni í pinnu ibi tí iná yóò wà nínú ilé ńlá, bí yóò ti mọ́lẹ̀ tó, àti ibi tí òjìji yóò ṣubú sí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. N kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ni níṣẹ́ kò tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé Ẹgbẹ́ Àwọn Aṣètò Ìmọ́lẹ̀ kò lè fọwọ́ sí àwòrán ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò. Yóò máa ṣe iṣẹ́ ni, ẹlòmíràn yóò sì máa buwọ́ lù ú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wo orúkọ ẹlòmíràn lábẹ́ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ pè mí fún àyẹ̀wò, mo sọ fún màmá mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Màmá mi ni ó bá mi lọ. Aránṣọ ni kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Nísinsìnyí, apá mi ni ó máa ń dì mú bí a bá ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni ó kù tí ojú rẹ̀ ń yà sọ́tọ̀. Nígbà tí a wọ yàrá ẹgbẹ́, ó gbé orí sókè sí iná tí ó wà lókè tábìlì wọn, iná funfun gbòò kan tí ó mú kí gbogbo ojú dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.

Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Ṣé àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀gá iná?”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

Àwọn mẹ́ta ni ó jókòó. Alága, ìyá àgbàlagbà kan tí ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, ni ó wà láàárín. Akọ̀wé wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Ẹni tí ó wà lósì rẹ̀ ni Ọ̀gá Rúlà. N kò mọ̀ pé wọ́n ti fi í sínú àwọn olùyẹ̀wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tí ó ń kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Mo tẹ́ àwòrán mi sórí tábìlì: yàrá ìkàwé ilé-ìkàwé tí ó wà ní òdìkejì títì, iná méjìlá lórí irin gbọọrọ kan. Akọ̀wé wò ó, ó ṣí ìwé ẹgbẹ́, ó sì fi ìka tọ ojú ìwé kan.

“Iṣẹ́ yìí ti wà lọ́dọ̀ wa láti èṣí. Orúkọ ọ̀gá yín ló wà níbẹ̀. Àwòrán tiwọn rèé.”

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀.

Alága ní, “Ọmọ mi, ṣé o mọ òfin wa? Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ wá síwájú ẹgbẹ́, a kì í gbà á láéláé.”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Òfin yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a lò.”

Ọ̀gá Rúlà mí kanlẹ̀. “Ẹ wo àìmoore! Mo kọ́ ọ níṣẹ́, mo fún ọ ní tábìlì, o wá ń pè mí lólè níwájú ẹgbẹ́.”

“N kò tíì pè yín lólè, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀.”

Akọ̀wé wúkọ́. Mo fa àwòrán méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Láti orí iná kìíní dé ìkọkànlá, wọn kò yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tèmi, iná kejìlá sún mọ́ ìkọkànlá ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan ju bí àwọn yòókù ti sún mọ́ra lọ. Nínú tirẹ̀, gbogbo wọn jìnnà síra lọ́gbọọgba. Ó ti tún un ṣe. Ó rò pé ọwọ́ mi ni ó gbọ̀n.

Mo bi í pé, “Sà, nínú yàrá náà, kí ló dé tí iná kejìlá kò fi tẹ̀ lé àwọn tó kù?”

“Àṣìṣe oníṣẹ́ iná tó gbé e kọ́ ni. Mo tiẹ̀ bá a wí.”

Nígbà náà ni inú bí mi débi tí etí mi ń hó. Kì í ṣe pé ó jí i nìkan: ó jí i, kò sì mọ ohun tí ó jí.

Nígbà tí a ń ṣètò yàrá náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀gá kò wọ inú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò. Èmi àti màmá mi ni a lọ jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ìdí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni mo mú un dé, ó sì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́; ibi tí kò bá ti lè fi í bọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé iná ibẹ̀ kò tíì dára. Ní tábìlì ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ńlá, ó gbìyànjú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gun àkàbà, mo ń sún iná náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pariwo pé, “Dúró! Ó ti wọlé!” Ojú màmá mi ni a fi wọn ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Ojú yẹn ni ọkùnrin yìí fi rúlà tọ́.

Mo sọ fún alága pé, “Ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé a kì í fi ìwé dá iṣẹ́ tí ènìyàn méjì ń jà sí lẹ́jọ́, ojú iṣẹ́ ni a ń lọ. Títì kan ló wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Akọ̀wé ní, “Lónìí?”

Màmá mi dìde. “Ṣé ilé-ìkàwé máa ń sá ni?”

A sọdá. Mo ní kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé, kí oòrùn má bàa bá wa dá ẹjọ́. Màmá mi yọ abẹ́rẹ́ kan nínú ọ̀já orí rẹ̀, ó já òwú, ó sì nà wọ́n sí alága. Alága jókòó sí tábìlì ìkẹyìn, ó gbé awò rẹ̀ wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó fi òwú náà bọ̀ ọ́.

Mo ní, “Ẹ ti iná náà lọ síbi tí àwòrán ọ̀gá fi í sí.”

Akọ̀wé gun àkàbà, ó sì tì í. Ní òkè, ìtò náà lẹ́wà, ó gún régé. Ní ìsàlẹ̀, òjìji òpó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí tábìlì. Alága yọ òwú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òwú náà ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, bí ọmọ tí ó ń sá fún ìwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Olùtọ́jú ìwé ti yọ sí wa. “Ta ló fọwọ́ kan iná yẹn? Àyè yìí ni gbogbo àgbàlagbà máa ń du!”

Alága yí sí ọ̀gá. “Nígbà tí ẹ ń ya àwòrán yìí, níbo lẹ jókòó sí?”

“Ọ́fíìsì mi, kẹ̀.” Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí ó sọ.

Akọ̀wé fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá sí i. “Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ méjèèjì. Àgbà kì í wà lọ́jà...”

Màmá mi gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Orí ọmọ yìí tí ẹ rí tó wọ́, àgbà náà ló wọ́ ọ. Òwe yẹn kò ṣiṣẹ́ níbí, bàbá.”

Èmi náà sọ̀rọ̀. “Tó bá jẹ́ orúkọ méjì, ẹ yọ tèmi kúrò. N óò máa ṣiṣẹ́ mi láìsí nínú ẹgbẹ́ yín títí n óò fi kú.” Ohùn mi ga ju bí ó ti yẹ níwájú àgbà lọ. N kò tọrọ gáfárà.

Alága yí sí akọ̀wé. Ó ní kí akọ̀wé ṣí ìwé ẹgbẹ́ tí ó gbé sábẹ́ apá, kí ó sì fagi lé orúkọ ọ̀gá. Akọ̀wé ń tú àpò rẹ̀.

“Kí lo ń wá?”

“Rúlà ni, mà.”

“Ọwọ́ lásán ni kí o fi fà á.”

Ìlà náà wọ́. Ọ̀gá Rúlà wò ó títí, ó sì yíjú sí mi. “Ṣé inú rẹ ti wá dùn báyìí?”

“Rárá, sà. Kò dùn rárá.”

Òtítọ́ ni mo sọ. Ó jáde, kò sì tún wẹ̀yìn.

Akọ̀wé na ìwé àti bírò sí mi pé kí n wá kọ orúkọ mi. Mo ní kó dúró. Iná kejìlá ṣì wà níbi tí kò yẹ kó wà, bàbá arúgbó kan sì ti gbé ìwé rẹ̀ dání, ó ń retí àyè rẹ̀. Mo gun àkàbà. Màmá mi fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú.

“Ṣé ó ti dé ibẹ̀?” ó bi mí láti ìsàlẹ̀.

Mo sún un díẹ̀ sí i. Bàbá náà jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, kò sì gbé e súnmọ́ ojú.

“Ó ti dé ibẹ̀, mà.”

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba bírò. Ìbínú kò tíì kúrò lára mi nígbà tí mo kọ orúkọ mi. N kò fa ìlà kankan sábẹ́ rẹ̀.