Ohùn Ọkọ̀ Ayọ̀túndé

Ìyá ti sọ ọ́ pé òun kò ní í jẹun mọ́ títí òun yóò fi gbọ́ ohùn ọkọ̀ Ayọ̀túndé, ọmọ òun. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn fi ìka ti àwo iyán náà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni ń ti ọmọ adìyẹ kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nu ẹnu tí kò fi kan nǹkan kan.

Abíọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, tí ó ń ṣe mẹkáníìkì ní Tchatchou, wo ojú Ayọ̀olúwa, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé láti ìgbà tí òjò ti dá ni Ayọ̀túndé ti wà nínú ilẹ̀ ní Parakou. Àwọn àgbà ẹbí ló ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ìyá. Wọ́n ní obìnrin tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́, kí ni yóò fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ láìmọ̀ pé ọmọ náà ti ṣíwájú. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, lẹ́nu gbogbo wọn, ni Ayọ̀túndé ti ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, tí ó sì ń kí Ìyá púpọ̀púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Ayọ̀olúwa ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà kọjá níwájú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí Ìyá gbọ́ ọ, kí wọ́n jẹun.”

“Ta ni yóò wà á?”

“Ta ló tún kù?”

Pijó onílẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eré sísá àtijọ́ tí òyìnbó kan tó ń rí sí iṣẹ́ òwú fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ayọ̀túndé ló rà á, tí ó tún un ṣe, títí ó fi ń ké bí ohun ẹlẹ́mìí. Bí ó bá ti yà kúrò lójú títì ni Ìyá yóò ti sọ pé, “Ẹ gbé omi kaná, ọmọ mi ti dé.” Kì í ṣe fèrè ọkọ̀ ni ó fi ń mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni lè fọn fèrè. Bí ẹ́ńjìnnì náà ti ń fa afẹ́fẹ́ símú ni ó fi ń dá a mọ̀.

Okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà láti Parakou wá sí ilé iṣẹ́ Abíọ́lá, níbi tí etí Ìyá kò dé. Abíọ́lá ṣí ojú ẹ́ńjìnnì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Kabúrétọ̀ méjì, ẹ̀rọ tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni Ayọ̀túndé fi sí i tẹ́lẹ̀, ẹnu wọn sì là sílẹ̀ gbayau, kò sí fíltà, asẹ́ afẹ́fẹ́, tó bò wọ́n. Ibẹ̀ ni ohùn náà ti ń jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ báyìí, kabúrétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n dé fíltà dúdú kan mọ́ lórí bí ìdérí ìkòkò. Apá onírin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn náà ti yí padà.

Ó kọ́kọ́ rò pé olè ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó wo àwọn nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Gbogbo wọn ni wọ́n ti nù, tí wọ́n fi gírísì pa, agolo tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé róbótó sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Ayọ̀túndé ní bí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olè kì í ní irú sùúrù yẹn.

Ó pe Hàbíb, ọ̀rẹ́ tí Ayọ̀túndé ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Parakou, lórí fóònù.

“Ó ta kabúrétọ̀ méjèèjì, tonton,” ni Hàbíb wí, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n àgbà lọ́hùn-ún. “Nígbà tí owó oògùn àìsàn rẹ̀ pọ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́, pé inú yín ò ní í dùn nítorí ọkọ̀ náà.”

“Èmi? Nítorí irin?”

Abíọ́lá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe oníbúrẹ́dì lẹ́yìn Hàbíb níbẹ̀, ó sì pa fóònù.

Ní Goro, Karimou tó ń ta àlòkù irin bá a wá kabúrétọ̀ kejì jáde lára akẹ́rù kan tí koríko ti bò. “Tonton, èyí ló ń ru iṣu àwọn èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ eré lẹ fẹ́ fi í sí? Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, òórùn iṣu ni yóò máa jáde o!”

Abíọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Karimou má baà bi í ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ó gé páìpù, ó fi iná jó o mọ́ pẹlẹbẹ irin, ó ṣe apá tuntun tó ní ẹnu méjì, ó sì ju fíltà dúdú náà sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ó sẹ́ kpayo, epo inú ìgò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gba inú aṣọ kọjá nítorí ìdọ̀tí. Ayọ̀olúwa lọ dúró sí ìsàlẹ̀ oko kájú, ó di ojú rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ bí Ìyá ti ń gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tutọ́ iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Ẹ̀rọ ìlọta nìyẹn, ẹ̀gbọ́n!” ni ó kígbe. “Ìyá á ní ká gbé ata jáde!”

Abíọ́lá gé àwọn páìpù náà kúrú. Ohùn náà ṣì nípọn jù. Ó tún gé wọn, ó sì fi agolo mílíìkì ṣe ẹnu wọn kí ó fẹ̀ bí òdòdó. Nígbà tí ó tún tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́ ẹ̀rín láti ìsàlẹ̀ oko mọ́. Ó lọ wò ó. Ayọ̀olúwa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi gèlè bo ojú.

“Òun nìyẹn,” ni ó wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Abíọ́lá wa ọkọ̀ náà kúrò lójú títì wọ ọ̀nà ilé. Kò ní í lè dúró. Bí ó bá dúró, yóò ní láti sọ̀rọ̀, ohùn tirẹ̀ ni Ìyá yóò sì gbọ́. Ó rí i lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ìyá arúgbó náà gbé orí sókè, ó fi ọwọ́ kan òpó, ó dìde. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Abíọ́lá kò gbọ́ ohun tí ó wí, nítorí ariwo tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ tí ètè Ìyá ń pè. Ó tẹ ọkọ̀ náà, ó kọjá.

Ó gbé e pamọ́ sínú oko kan lọ́nà Sanson, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ayọ̀olúwa ti gbé iyán gbígbóná kalẹ̀. Ìyá ti fọ ojú, ó ti ró aṣọ ìsìn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Abíọ́lá, ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ kú ìjókòó.”

“Mo gbọ́ ọkọ̀ àbúrò rẹ.”

“Ó dáa, Ìyá. Ẹ jẹun báyìí.”

“Ó kọjá.” Ojú rẹ̀ tí kò ríran ń wá ibi tí Abíọ́lá wà kiri. “Ayọ̀túndé kì í kọjá. Bí iṣẹ́ tilẹ̀ ń lé e, yóò kọ́kọ́ wọlé kí mi. Mo dìde fún un. Mo pè é. Ó gbọ́ mi, ó sì kọjá. Kí ni mo ṣe fún un?”

“Ẹ kò ṣe nǹkan kan.”

“Nígbà náà, ìwọ ni. Ẹ jà.”

Abíọ́lá wo Ayọ̀olúwa. Ayọ̀olúwa ń wo ilẹ̀. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n Abíọ́lá, ó sì rí ọrùn Ìyá, bí ó ti gbẹ tó nínú aṣọ ìsìn náà.

“A jà, Ìyá.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí ọ̀rọ̀ kékeré kan.”

Ìyá mí kanlẹ̀. “Mo ti mọ̀. Ìwọ sì ni ẹ̀gbọ́n. Lọ bẹ̀ ẹ́.” Ó fọwọ́ wá ìdérí àwo, ó sì bo oúnjẹ náà dáadáa, yíká yíká. “Má jókòó tì mí. Lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó wá, kí èmi àti òun jọ jẹ ẹ́.”

“Mo ti ń lọ, Ìyá.”

Ó jáde lọ sí ojú ọ̀nà, ó sì dúró, nítorí kò sí ibi tí ó fẹ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyá ń sọ fún Ayọ̀olúwa pé kí ó má jẹ́ kí iná kú lábẹ́ ọbẹ̀.